Bí A Ṣe Ń Dá Jákẹ́ẹ̀tì Irvin Ìgbà Ogun Mọ̀ Yàtọ̀ sí Àdàkọ Tó Dé Lẹ́yìn Rẹ̀

Ẹ má tíì wo lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹni tó bá gbé jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn síwájú yín lọ́jà ohun àtijọ́ ní London, tàbí tó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lébẹ́ẹ̀lì ló máa kọ́kọ́ nà sí yín, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú òǹrajà ń sáré lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo ohun tó wà lára jákẹ́ẹ̀tì, kò sí èyí tó rọrùn láti fi ayédèrú ṣe tó lébẹ́ẹ̀lì. Aṣọ funfun kékeré, yíǹkì dúdú, abẹ́rẹ́ àti òwú, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ pẹ̀lú bí wọ́n ṣe gé awọ, bí wọ́n ṣe rán an, àti irú síìpù tó wà lára rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló gbé dání. Nítorí náà, ara jákẹ́ẹ̀tì la ó ti bẹ̀rẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì á kẹ́yìn.

Irvin ni jákẹ́ẹ̀tì tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú RAF, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Leslie Irvin, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ní April 28, 1919, ní McCook Field ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọkùnrin yìí bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú, ó jẹ́ kí ara rẹ̀ máa já bọ̀ ná, kó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn páráṣúùtì. Ní 1926 ó ṣí ilé-iṣẹ́ páráṣúùtì sí Letchworth, ní Hertfordshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì náà ti jáde fún RAF ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ogun dé, ilé-iṣẹ́ kan ò lè rán èyí tó máa kárí mọ́, ìjọba sì pín iṣẹ́ náà fún àwọn agbaṣẹ́ṣe mìíràn.

Àwọn èèyàn wa wà lára àwọn tó fò nínú ogun yẹn. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, di ọ́fíísà RAF ní 1942, òun sì ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní 1945. Ìdílé tí irú aṣọ báyìí bá wà lọ́wọ́ wọn láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà wọn ní láti mọ ohun tí wọ́n ní, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó kékeré gbà á lọ́wọ́ wọn. Bákan náà ni ẹni tó ń fi owó oṣù rẹ̀ rà á ní láti mọ ohun tó ń san owó lé lórí.

Kí ẹ mọ èyí ṣáájú: àdàkọ yàtọ̀ sí ayédèrú. Lẹ́yìn ogun, àwọn ilé-iṣẹ́ aláwọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti níbòmíràn ń rán jákẹ́ẹ̀tì tó jọ Irvin fún aráàlú, pàápàá ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 nígbà tó di àṣà ìgboro. Títí di òní, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ṣì ń rán àdàkọ tó dára gan-an, wọ́n sì ń fi orúkọ ara wọn sí i. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ayédèrú bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnì kan ti já orúkọ yẹn kúrò, tó sì ń sọ fún yín pé 1940 ni wọ́n rán an.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ mú gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi dání, àti tọ́ọ̀ṣì UV, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó bébà wò. Ojúmọ́ ni kí ẹ fi yẹ jákẹ́ẹ̀tì wò, torí iná pípọ́n inú ṣọ́ọ̀bù máa ń bo àwọ̀ mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó dára jù ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ wo ojúlówó. RAF Museum ní Hendon, ní àríwá London, kì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Imperial War Museum náà wà. Ẹ dúró níwájú ọ̀kan, kí ẹ wo bí kọ́là ṣe jókòó, bí awọ ṣe sán níbi tí apá ti ń tẹ̀, ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá. Ojú tó ti rí ojúlówó dáadáa máa ń ṣàkíyèsí ohun tí ẹnu ò tíì lè sọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: iṣẹ́ wo ni wọ́n rán an fún?

Bí ọkọ̀ òfurufú bá gòkè dé 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, òtútù ibẹ̀ máa ń lọ sí nǹkan bí 25 nísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius, ooru inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà kò sì tó nǹkan. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ há sí àyè tóóró, okùn páráṣúùtì àti okùn ìjókòó sì dì í láyà àti léjìká. Òtútù yìí àti okùn yìí ló pinnu bí wọ́n ṣe gé Irvin.

Ìdí nìyẹn tó fi kúrú. Ìbàdí ló mọ, kí ó má baà ká jọ sábẹ́ ẹni tó jókòó. Kọ́là rẹ̀ fẹ̀, bí ẹ bá gbé e dúró yóò bo etí. Bẹ́líìtì awọ wà ní ìbàdí láti sé afẹ́fẹ́ mọ́ta. Síìpù gígùn wà lára apá kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè sí ìhà ìgúnpá, kí ìbọ̀wọ́ nípọnnípọn lè rí àyè wọlé. Bí síìpù apá bá kúrú, tó kàn wà fún ẹwà, tàbí tí kò bá sí rárá, ẹ máa fura.

Ọ̀rọ̀ àpò ló wá ṣe pàtàkì jù níbí. Ojúlówó Irvin kò ní àpò, kò sí níwájú, kò sí nínú. Okùn á bo àpò iwájú mọ́lẹ̀, ọwọ́ kò sì ní ráyè débẹ̀. Aráàlú tó ń rìn nígboro ní January ló nílò ibi tí yóò ki ọwọ́ bọ̀ àti ibi tí yóò fi wọ́lẹ́ẹ̀tì sí. Nítorí náà, jákẹ́ẹ̀tì tó ní àpò méjì tí wọ́n gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ níwájú, tí wọ́n sì fi aṣọ tó mọ́ tónítóní ṣe inú rẹ̀, ti aráàlú ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo ní lọ́pọ̀ ìgbà, torí ẹ lè ṣi ojúlówó jù nù níbí. Lẹ́yìn 1945, wọ́n ta jákẹ́ẹ̀tì ológun tó ṣẹ́ kù fún gbogbo ayé, àwọn tó ń gun alùpùpù sì fẹ́ràn rẹ̀. Òmíràn nínú wọn gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ó ní kí wọ́n bá òun gé àpò sí i. Bí ẹ bá rí àpò, ẹ wo òwú rẹ̀: ṣé òun àti òwú tó wà lára ìyókù jákẹ́ẹ̀tì bára mu? Ṣé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sún mọ́ra bíi ti ojú rírán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ṣé wọ́n la ojú rírán àtijọ́ kọjá láìbìkítà? Àpò tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Owó jákẹ́ẹ̀tì náà á wálẹ̀, ṣùgbọ́n ojúlówó ṣì ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ègé awọ àti ojú rírán

Ní àwọn ọdún 1930 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ogun, awọ ńláńlá ni wọ́n fi ń rán Irvin. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ ègé kan ṣoṣo, ojú rírán ara apá rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ogun ṣe ń gùn, awọ ńlá di ọ̀wọ́n, wọn ò sì fi ègé kéékèèké ṣòfò mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀: ojú rírán á gba ìbú ẹ̀yìn kọjá, òmíràn á dábùú apá, òmíràn á wà níwájú. Ojú rírán wọ̀nyí kì í wà ní ìhòòhò. Ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ́ lé e lórí, wọ́n sì rán etí rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀.

Èyí lè tan ẹni tí kò mọ̀. Ó lè rí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so pọ̀ níbi púpọ̀ kó rò pé iṣẹ́ játijàti ni, kó sì gba èyí tó dán gbọnrangbọnran ní ojúlówó. Ọ̀wọ́n ìgbà ogun gan-an ló wà lára èyí tí wọ́n so pọ̀ yẹn. Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ máa ń san owó tó pọ̀ jù fún irú ti àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ègé ńlá rán, torí òun ni wọ́n so mọ́ ogun ojú òfurufú ti ẹ̀ẹ̀rùn 1940 lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí owó yẹn, irú ti àkọ́kọ́ náà ni àwọn aládàkọ òde òní fẹ́ràn láti rán. Irú ègé nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà, ó kàn ń sọ ìgbà tí jákẹ́ẹ̀tì fẹ́ kí ẹ gbà pé wọ́n rán òun ni. Bí òǹtajà bá ní 1938 ni, tí ẹ sì rí ojú rírán tó gba ẹ̀yìn kọjá ní ìbú, ẹ ní kó ṣàlàyé.

Ẹ wo bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe gbó. Awọ tó wá láti ara àgùntàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í gbó bákan náà. Lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, ẹ máa rí i pé ègé kan ti ṣí sí pupa rúsúrúsú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì dúdú, òmíràn ti sán yánnayànna. Àdàkọ máa ń ní àwọ̀ kan náà jákèjádò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: síìpù

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Síìpù mẹ́ta ló wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lára apá kọ̀ọ̀kan, ẹ yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lára ojúlówó, irin ni eyín síìpù, aṣọ òwú ni wọ́n sì fi ṣe etí rẹ̀. Orúkọ tí ẹ máa rí jù lórí ọwọ́ síìpù ni Lightning, síìpù tí wọ́n ṣe ní Birmingham. Ẹ tún lè rí DOT. Lórí àwọn kan ẹ máa rí lẹ́tà AM, tó dúró fún Air Ministry, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó RAF nígbà náà. Ẹ fi gíláàsì wo ọwọ́ síìpù náà. Lẹ́tà tó ti wà níbẹ̀ láti 1941, tí ìka ti ń pa á láti ọdún dé ọdún, etí rẹ̀ kì í mú mọ́. Ẹ wo inú ihò ọwọ́ síìpù náà, níbi tó ti so mọ́ orí rẹ̀: ibẹ̀ máa ń jẹ tí ó bá ti pẹ́.

Bí ẹ bá rí YKK, síìpù yẹn kì í ṣe ti ìgbà ogun, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Japan ni, láti December 1941 sì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan ti ń bá ara wọn jagun. Síìpù oníke náà, ìyẹn èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù tó ká kiri, ẹ̀yìn ogun ló dé ọjà.

Ṣùgbọ́n síìpù máa ń bàjẹ́ kí awọ tó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ojúlówó ni wọ́n ti pààrọ̀ síìpù iwájú rẹ̀, torí òun ni wọ́n ń fà lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wo ti apá. Bí ti iwájú bá jẹ́ tuntun, tí ti apá méjèèjì sì jẹ́ Lightning àtijọ́, tí ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun níwájú, pípààrọ̀ ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ tuntun, tí kò sì sí ihò àtijọ́ kankan níbì kan, jákẹ́ẹ̀tì náà ò ní síìpù mìíràn rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ Lightning nìkan mú yín yọ owó: àwọn tó ń rán àdàkọ tó dára ti ṣe síìpù tó jọ ọ́, àwọn kan sì máa ń já síìpù àtijọ́ kúrò lára ẹ̀wù mìíràn láti fi sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: awọ àti irun

Ẹ ṣí irun àgùntàn inú rẹ̀ sí méjì pẹ̀lú àtàǹpàkò, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Lára ojúlówó, irun yẹn hù láti inú awọ tó wà níta gan-an. Ara ẹran kan náà ni inú àti òde. Bí ẹ bá rí aṣọ híhun ní ìdí irun, irun atọ́wọ́dá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀pọ̀ èyí tó rọjú lówó ní àwọn ọdún 1980 nìyẹn.

Ẹ yí i síta. Wọ́n kun awọ Irvin ní àwọ̀ búráùn tó dúdú, ojú rẹ̀ nìkan ni kíkùn náà sì wà. Bó bá ti gbó, á sán, á bó, ẹ á sì rí awọ tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó yẹ kó ti bó ni ibi tí ara ti ń gbo ó: ìgúnpá, etí kọ́là, ẹnu apá, ẹ̀bá síìpù, ibi tí okùn gbà lórí èjìká. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe ogbó sára awọ máa ń fi bébà gbígbo gbo gbogbo rẹ̀ káàkiri, títí kan abẹ́ kọ́là àti ẹ̀yìn bẹ́líìtì tí ohunkóhun kì í kàn. Ẹ gbé kọ́là sókè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kó dúdú ju ìyókù lọ.

Irun ọrùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òógùn ti mú un pọ́n. Bí irun bá funfun bí òwú, tó ga dọ́gba láti ọrùn dé ìbàdí, tí òǹtajà sì ń sọ fún yín pé awakọ̀ kan fi ja ogun ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu. Ẹ má rò pé mímọ́ nìkan jẹ́ ẹ̀sùn, torí àwọn jákẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọn ò gbé jáde ní yàrá ìkó-nǹkan-sí. Ìtàn tó bá a mu ni ti yàrá ìkó-nǹkan-sí, kì í ṣe ti ọdún mẹ́ta lójú ogun.

Ẹ lè pàdé èyí tó ní fìlà aṣọ ofeefee tí wọ́n rán mọ́ kọ́là. Àwọn tó ń fò lórí òkun ló wà fún, kí ojú lè tètè rí wọn bí wọ́n bá já sínú omi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òwú àti iná

Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV sí ojú rírán. Ẹ̀yìn ogun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn èròjà tí ń mú aṣọ funfun yọ sínú òwú, aṣọ àti ọṣẹ káàkiri, èròjà wọ̀nyí sì máa ń tàn ní búlúù lábẹ́ iná yẹn. Òwú àtijọ́ kì í tàn. Bí òwú tó wà lójú rírán pàtàkì bá ń tàn yànrànyànràn, ẹ dúró ná. Bí lébẹ́ẹ̀lì nìkan bá tàn, ó lè jẹ́ pé wọ́n fi ọṣẹ òde òní fọ ibẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé lébẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ tuntun; ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, a ó padà sí i.

Bí òǹtajà bá gbà, ẹ já òwú tó ti yọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ tanná sí i lórí abọ́, jìnnà sí jákẹ́ẹ̀tì. Òwú gidi á jó bíi bébà, á sì di eérú. Náílọ́ọ̀nù àti pọ́líẹ́sítà á yọ́, á di kókó líle. Ojú rírán pàtàkì tí òwú rẹ̀ jẹ́ pọ́líẹ́sítà kì í ṣe ti 1940.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá lè wo lébẹ́ẹ̀lì

Nínú ẹ̀yìn, lábẹ́ kọ́là, ló máa ń wà. Lára èyí tí RAF gbà nígbà ogun, aṣọ òwú funfun ni, tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ dúdú sí: lẹ́tà AM, nọ́ńbà ìkó-nǹkan-sí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22C, torí 22C ni ẹ̀ka tí RAF pín aṣọ fífò sí, nọ́ńbà ìwọ̀n ara, àti orúkọ ẹni tó rán an. Lébẹ́ẹ̀lì tó kọ S, M tàbí L kò wá láti ọ̀dọ̀ RAF ìgbà náà.

Orúkọ Irvin lórí lébẹ́ẹ̀lì kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Aráàlú ti ra jákẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Irvin láti ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá sì rí Irving, pẹ̀lú lẹ́tà g, ẹ má sáré pè é ní àṣìṣe ayédèrú: akọ̀wé kan ló ṣèèṣì fi g kún orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irving Air Chute ni ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ nígbà ogun.

Àwọn àmì kan wà tí wọ́n bá ti hàn, kò sí àríyànjiyàn. Àwòrán abọ́ omi àti áyọ́ọ̀nù tí ń sọ bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ, lẹ́yìn ogun dáadáa ló dé. Nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sí ìparí àdírẹ́sì, àárín 1959 sí 1974 ni wọ́n tó tàn án ká orílẹ̀-èdè náà. Bí wọ́n bá tẹ àmì adé ọba sí i, òun náà ń sọ̀rọ̀: adé ọba ìgbà ogun yípo, orí rẹ̀ ga ní àárín, ṣùgbọ́n adé tí wọ́n lò nígbà Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, rì wọnú díẹ̀ ní àárín. Bí ti Ọbabìnrin bá wà lára ohun tí wọ́n ní ó jẹ́ ti 1942, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ rántí pé láti 2022, lábẹ́ Ọba Charles Kẹta, wọ́n ti padà sí adé tó yípo, nítorí náà ohun tuntun pọ́nńbélé náà lè ní i.

Ẹ wá yẹ bí wọ́n ṣe rán lébẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ọn wò. Ihò abẹ́rẹ́ mélòó ló yí i ká? Bí ihò àtijọ́ bá wà tí kò bá etí lébẹ́ẹ̀lì yìí mu, lébẹ́ẹ̀lì mìíràn ti wà níbẹ̀ rí. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá mọ́ nígbà tí awọ tó yí i ká dọ̀tí, tàbí tí òwú rẹ̀ nìkan bá ń tàn lábẹ́ UV, ẹ ti mọ ìdí tí òǹtajà fi kọ́kọ́ nà án sí yín.

Kí lébẹ́ẹ̀lì máà sí rárá kì í ṣe ẹ̀sùn. Ọ̀pọ̀ ojúlówó ti sọ tiwọn nù. Èmi yóò ra èyí tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì ṣùgbọ́n tí awọ, síìpù àti òwú rẹ̀ bára mu, kí n tó ra èyí tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dára tí ìyókù ara rẹ̀ sì ń takò ó.

Ìgbésẹ̀ keje: orúkọ àti ìtàn

Àwọn awakọ̀ máa ń fi yíǹkì kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà wọn sínú jákẹ́ẹ̀tì. Orúkọ yìí lè sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ wò ó bóyá yíǹkì náà ti wọnú awọ tàbí aṣọ, tó sì sán pẹ̀lú rẹ̀. Yíǹkì tó gba orí ibi tó ti sán kọjá, lẹ́yìn tí ibẹ̀ sán ni wọ́n kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ náà lọ. The National Archives ní Kew, ní London, ni àkọsílẹ̀ RAF wà. AIR 27 ni ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Bí ẹni náà bá kú lójú ogun, orúkọ rẹ̀ máa wà lára èyí tí Commonwealth War Graves Commission kọ sílẹ̀, ẹ sì lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan owó. Orúkọ olókìkí láìsí ìwé kankan tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ fura sí jù. Ìwé ìfò ẹni náà, fọ́tò rẹ̀ nínú jákẹ́ẹ̀tì tí ojú rírán rẹ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu, lẹ́tà ìdílé rẹ̀, irú wọ̀nyẹn ni ẹ̀rí.

Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ẹ lè bá B-3 pàdé, tí Amẹ́ríkà gbà fún àwọn awakọ̀ wọn ní 1934. Ìrísí rẹ̀ yàtọ̀: okùn awọ méjì pẹ̀lú irin ìdè wà ní kọ́là rẹ̀, kò sì ní bẹ́líìtì ìbàdí bíi Irvin. Lára síìpù wọn, ẹ wá Talon, Crown tàbí Conmar. Lébẹ́ẹ̀lì wọn máa ń kọ irú jákẹ́ẹ̀tì náà, ìyẹn Type B-3, àti nọ́ńbà iṣẹ́ tí ìjọba gbé jáde. Òfin tí a fi ń yẹ awọ, irun àti òwú wò kò yí padà. B-3 ni wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ jù fún ìgboro, nítorí náà ẹ fi ìlọ́po sùúrù wò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ sanwó

Ẹ ní kí òǹtajà kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ojúlówó RAF ìgbà ogun ni, kó sì kọ ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ lára rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin Consumer Rights Act ti 2015 sọ pé ohun tí oníṣòwò tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Rìsíìtì tó kàn kọ “jákẹ́ẹ̀tì awọ” kò ní gbè yín lọ́jọ́ ìjà. Ẹni tó bá ń búra pé ojúlówó ni, tó sì kọ̀ láti fi ọwọ́ kọ ọ́, ẹ kí i dáadáa kí ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ béèrè fọ́tò abẹ́ kọ́là, ọwọ́ síìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí irun, àti etí lébẹ́ẹ̀lì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ní ojúlówó lọ́wọ́ kì í bínú sí ìbéèrè báyìí.

Ẹni tó bá rí irú jákẹ́ẹ̀tì yìí nínú bélì òkìríkà l'Ékòó, ní Katangua tàbí ní Yaba, ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ ti aráàlú àwọn ọdún 1980. Ẹ ṣáà yẹ síìpù apá rẹ̀ wò kí ẹ tó jù ú padà.

Bí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì rọ òróró sí awọ rẹ̀ nítorí pé ó gbẹ. Awọ àtijọ́ tó mu òróró yó máa ń ya níbi tí wọ́n rán. Ẹ fi hángà tó fẹ̀ léjìká kọ́ ọ, níbi tí oòrùn kì í dé tí kò sì ní ọ̀rinrin. Kòkòrò tí ń jẹ irun ni ọ̀tá rẹ̀ gidi. Bí ẹ bá rí àmì wọn, ẹ wé jákẹ́ẹ̀tì náà sínú ọ̀rá kí afẹ́fẹ́ má wọlé, ẹ gbé e sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì jẹ́ kó padà gbóná díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rá náà kí ẹ tó tú u. Bí síìpù bá já, ẹ tọ́jú èyí tó já náà sínú àpòòwé pẹ̀lú déètì ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́, kí ẹni tó bá máa yẹ jákẹ́ẹ̀tì náà wò lẹ́yìn yín lè rí i.